Lẹ́tà ṣíṣí sí ẹ̀yin ọmọ Yorùbá tí ẹ ní ilé-ẹ̀kọ́ CNA ní Maryland: wákàtí orí ìwé kò lè gbé arúgbó dìde

Ẹ̀yin ọ̀gá, ẹ̀yin ìyá àti bàbá wa tí ẹ dá ilé-ẹ̀kọ́ CNA sílẹ̀ ní Maryland, níbi tí ẹ ti ń kọ́ àwọn olùrànlọ́wọ́ nọ́ọ̀sì tó ń wẹ arúgbó, tó ń fún wọn lóúnjẹ, tó ń gbé wọn dìde, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ẹ́jẹ́ńsì tó ń pín òṣìṣẹ́ káàkiri nọ́ọ̀sìn hóòmù, ìyẹn ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó, láti Baltimore títí dé Prince George's County, mo kí yín tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀. Nọ́ọ̀sì ni mí, òru ni mo sì máa ń ṣiṣẹ́. CNA ni mo fi bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ yìí, nítorí náà kì í ṣe òkèèrè ni mo ti ń wo iṣẹ́ tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ lé lórí.

Ìpolówó kan ló mú mi gbé kálàmù. Ó ti ń lọ láti ẹgbẹ́ WhatsApp kan sí òmíràn: ẹgbẹ́ ọmọ ìlú, ẹgbẹ́ ìjọ, ẹgbẹ́ àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé. Ó ní ọ̀sẹ̀ méjì ni èèyàn yóò fi di CNA, pé kí ẹnikẹ́ni má da ara rẹ̀ láàmú lórí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe nítorí ọ̀nà wà tí wọ́n á gbà ṣe é, pé ìbéèrè ìdánwò ti wà nílẹ̀. Yorùbá ni wọ́n fi kọ ọ́, àwọn ọmọ wa ni wọ́n sì kọ ọ́ sí. Mi ò ní dárúkọ ilé-ẹ̀kọ́ náà, torí pé òun nìkan kọ́. Àwọn kan nínú yín ń kọ́ni dáadáa, mo sì mọ̀ yín. Ẹ̀yin náà mọ àwọn tí mo ń bá wí.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ rántí ibi tí wákàtí tí ẹ ń gé kúrò yìí ti wá. Kí ó tó di 1987, ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀, èèyàn lè ti ìta wọlé lónìí kó máa wẹ arúgbó lọ́la. Wọ́n ń so àwọn àgbàlagbà mọ́ àga, wọ́n ń fi oògùn mú wọn dákẹ́. Ní 1986, Institute of Medicine, àjọ àwọn onímọ̀ ìṣègùn kan ní Amẹ́ríkà, gbé ìwádìí jáde lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú àwọn ilé náà. Ní oṣù Kejìlá 1987, Ààrẹ Ronald Reagan buwọ́ lu òfin tó tẹ̀lé e. Òfin yẹn àti àwọn ìlànà tí ìjọba gbé lé e lórí ló ní kí ẹ̀kọ́ CNA má dín ní 75 wákàtí níbikíbi ní Amẹ́ríkà, kí 16 nínú rẹ̀, ó kéré tán, jẹ́ iṣẹ́ àfọwọ́ṣe lábẹ́ ojú nọ́ọ̀sì. Wọ́n tún ní kí akẹ́kọ̀ọ́ tó fọwọ́ kan ẹnikẹ́ni rárá, kó ti gba 16 wákàtí lórí bí a ṣe ń bá arúgbó sọ̀rọ̀, bí a kò ṣe ní tan àrùn kálẹ̀, ohun tí a ń ṣe bí oúnjẹ bá há èèyàn lọ́fun, bí a ṣe ń jẹ́ kí arúgbó ṣe èyí tó lè ṣe fúnra rẹ̀, àti ẹ̀tọ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí èèyàn. Maryland wa gbé e sókè sí 100 wákàtí. California ń béèrè 160, Maine ń béèrè 180. Ìsàlẹ̀ pátápátá ni 75 jẹ́, kò sì sí ẹni tó lè gé e kù tí kò ní jẹ́ pé ara arúgbó ló gé e kúrò.

Ìdí kan tún wà tí mi ò fi lè dákẹ́ mọ́. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ ṣe ìlànà pé kí arúgbó kọ̀ọ̀kan máa rí ìtọ́jú 3.48 wákàtí lójúmọ́, kí 2.45 nínú rẹ̀ wá láti ọwọ́ CNA. Inú wa dùn. Kò pẹ́ tó fi bàjẹ́: ní oṣù Kẹrin 2025 adájọ́ kan ní Texas fagi lé e, nígbà tó sì di oṣù Keje ọdún kan náà, òfin tuntun ti ní ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ mú un ṣẹ títí di ìparí oṣù Kẹsàn-án 2034. Ìtumọ̀ èyí fún wa tí a wà nínú yàrá àwọn arúgbó ni pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá fi ọwọ́ kún ọwọ́. Ìwọ̀nba CNA tó wà náà la ó máa lò. Bí iye wọn kò bá ní pọ̀ sí i, ó di dandan kí ẹni kọ̀ọ̀kan tó bá wọlé mọ ohun tó ń ṣe. Ẹ̀yin lẹ sì ń kọ́ wọn.

Ẹ̀sùn mi nìyí.

1. Wákàtí tí ẹ buwọ́ lù, ta ló ṣe é? Ní alẹ́ àkọ́kọ́ tí ọmọ tuntun bá wá sọ́dọ̀ wa, mo máa ń bi í pé nọ́ọ̀sìn hóòmù wo ló ti ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe rẹ̀. Àwọn kan á dárúkọ ilé náà kíá, wọ́n á sọ nípa nọ́ọ̀sì tó dúró tì wọ́n. Àwọn mìíràn á máa wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú wọn ṣàlàyé fún mi pé bẹ́ẹ̀dì kan àti ọmọláńgidi rọ́bà kan ló wà ní yàrá ìsàlẹ̀ ilé, ibẹ̀ ni wọ́n ti ya fọ́tò, wọ́n sì fọwọ́ sí ìwé pé gbogbo rẹ̀ ti parí. Ọmọláńgidi kì í bẹ̀rù. Orúnkún rẹ̀ kì í gan, kì í di bẹ́ẹ̀dì mú nígbà tí a bá fẹ́ yí i padà, kì í pariwo pé ẹ̀ ń pa òun. Ara èèyàn la fi ń kọ́ iṣẹ́ yìí, pẹ̀lú ẹni tó mọ̀ ọ́n tí yóò sọ pé, "Dúró, kì í ṣe bẹ́ẹ̀."

Ẹ sì rántí pé orúkọ akẹ́kọ̀ọ́ ló wà nínú ìwé ìjọba, kì í ṣe tiyín. Bí wọ́n bá rí i pé ó fìyà jẹ arúgbó, tàbí ó pa á tì, tàbí ó mú nǹkan rẹ̀, wọn á kọ ọ́ sí ẹ̀gbẹ́ orúkọ rẹ̀, kò sì ní sí nọ́ọ̀sìn hóòmù tó lè gbà á síṣẹ́ mọ́. Ọmọ tó yá owó kó tó lè san owó ilé-ẹ̀kọ́ yín ni yóò ru ẹrù àìmọ̀kan tí ẹ dì fún un.

2. Awọ ara. Ibí ni mo ti fẹ́ pẹ́ díẹ̀, torí pé ibí ni àwọn arúgbó wa ti ń jìyà jù. Lọ́pọ̀ ìgbà, egbò ìdùbúlẹ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ láti òkè. Egungun ló ń tẹ ẹran ara mọ́ bẹ́ẹ̀dì, ẹ̀jẹ̀ kò ní lè dé ibẹ̀, ẹran náà á bẹ̀rẹ̀ sí í kú láti inú kí awọ tó ya. Nígbà tí ojú egbò bá fi hàn, ìbàjẹ́ ti ṣẹlẹ̀ nísàlẹ̀. Ìdí níbi tí ọ̀pá ẹ̀yìn parí sí, gìgísẹ̀, ìbàdí, ìgúnpá, ẹ̀yìn etí ẹni tó ń lo rọ́bà afẹ́fẹ́: àwọn ibi tó yẹ kí ojú CNA máa lọ nìyẹn ní gbogbo ìgbà tó bá ń wẹ̀ ẹ́ tàbí tó ń pa páḿpásì rẹ̀ dà.

Gbogbo wọn ló lè ka á lórí pé wákàtí méjì-méjì la ń yí arúgbó padà. Ṣùgbọ́n báwo la ṣe ń yí i? Mo ti rí èyí tó wọ́ ìyá àgbàlagbà lórí bẹ́ẹ̀dì bí ẹni wọ́ àpò gaàrí, awọ ìdí ìyá náà sì bó. Aṣọ tí a tẹ́ sábẹ́ rẹ̀ ni èèyàn méjì ń fi gbé e sókè. A ń fi ìrọ̀rí sábẹ́ ẹsẹ̀, lẹ́yìn ojúgun, kí gìgísẹ̀ má kan nǹkan kan. A ń nu ìtọ̀ kúrò kíá, torí awọ tó rin kì í pẹ́ bó.

Ohun tó bà mí nínú jẹ́ jù lọ nìyí. Ìwé sọ fún wọn pé kí wọ́n wá ibi tó pọ́n, kí wọ́n tẹ̀ ẹ́, bí kò bá funfun kí wọ́n sáré pe nọ́ọ̀sì. Ní Baltimore àti Prince George's County, aláwọ̀ dúdú ni ọ̀pọ̀ àwọn arúgbó tí à ń tọ́jú. Awọ dúdú kì í pọ́n bẹ́ẹ̀. Ọwọ́ la fi ń mọ̀ ọ́n: ṣé ibẹ̀ gbóná ju ẹ̀gbẹ́ kejì lọ, àbí ó tutù jù ú? Ṣé ó le, àbí ó rọ̀ bí ẹni pé omi wà nínú rẹ̀? Ṣé ó dúdú sí i, àbí ó ń pọ́n bí àlùkò? Ṣé ó ń dùn ún? Ní ilé kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ọmọ wa kan kọ ọ́ sílẹ̀ lálẹ́ lẹ́yìn alẹ́ pé ara bàbá kan dára, kò sí ibi tó pọ́n. Òótọ́ ló kọ, kò sí ibi tó pọ́n lóòótọ́. Ìgbà tí mo fọwọ́ kan gìgísẹ̀ bàbá náà, ó ti rọ̀. Láàárín ọjọ́ díẹ̀ ó ya. Dúdú bíi ti wa ni ọmọ náà, dúdú bíi ti wa ni bàbá náà, síbẹ̀ kò sí ẹni tó kọ́ ọ bí a ṣe ń wo awọ ara wa.

3. Oúnjẹ. Ẹni tí àrùn rọpárọsẹ̀ ti mú rí, ọ̀fun rẹ̀ lè má gbé nǹkan mì dáadáa mọ́. A ń gbé e jókòó ṣánṣán kó tó jẹun, a ó jókòó kí ojú wa lè dọ́gba pẹ̀lú tirẹ̀, a ó bu díẹ̀ sínú ṣíbí, a ó gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ẹnu tó ṣì lágbára, a ó dúró kó gbé e mì. Ká tó kúrò, a ó wo inú ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó rọ, torí oúnjẹ máa ń sápamọ́ síbẹ̀. Kò gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ títí ó kéré tán ọgbọ̀n ìṣẹ́jú yóò fi kọjá.

Àánú wa gan-an lè pààyàn níbí. Bí káàdì arúgbó bá sọ pé omi tí a mú kó ki ni kó máa mu, tó wá ń bẹ̀bẹ̀ pé òùngbẹ ń gbẹ òun, ọmọ Yorùbá tí wọn kò ṣàlàyé fún á rò pé ìwà ìkà ni kí òun má fún un lómi. Á bu omi fún un. Omi yẹn lè ba ọ̀nà ẹ̀dọ̀fóró lọ, lẹ́yìn náà ibà àti òtútù àyà lè dé, a ó sì máa wá ibi tó ti wá. Ẹ kọ́ wọn ní ìdí rẹ̀, kì í ṣe òfin rẹ̀ nìkan. Ẹni tó mọ ìdí kò ní ṣe é.

4. Gbígbé àti wíwọṣọ. Ẹ bi akẹ́kọ̀ọ́ yín lọ́la òde yìí: bí ọwọ́ òsì ìyá kan bá ti rọ, ọwọ́ wo la kọ́kọ́ ń wọ aṣọ sí? Ọwọ́ tó rọ ni. Bí a bá sì fẹ́ bọ́ aṣọ, ọwọ́ tó lágbára la kọ́kọ́ ń bọ́. Bí ó bá ń ronú, kò tíì ṣe é rí. Ẹ bi í pé ẹ̀gbẹ́ wo lòun máa dúró sí bí òun bá ń mú un rìn. Ẹ̀gbẹ́ tó rọ ni. Ẹ̀gbẹ́ wo ni kẹ̀kẹ́ arọ máa wà nígbà tó bá ń sọ̀kalẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì? Ẹ̀gbẹ́ tó lágbára. Ṣé ó ti ti ìdádúró kẹ̀kẹ́? Ṣé bàtà wà lẹ́sẹ̀ ìyá? Ṣé ó ti de bẹ́líìtì mọ́ ìyá náà ní ìbàdí lórí aṣọ, àbí abẹ́ apá ló fẹ́ fi gbé e? Abẹ́ apá ni wọ́n fi ń gbé wọn, ejìká sì ń yẹ̀. Ẹ̀yìn àwọn ọmọ náà fúnra wọn ń bàjẹ́ kí wọ́n tó pé ọmọ ogójì ọdún, torí wọn kò kọ́ wọn láti tẹ orúnkún kí wọ́n sì sún mọ́ ohun tí wọ́n fẹ́ gbé.

5. Ọwọ́ fífọ̀. Mi ò ní pẹ́ lórí èyí. Nínú ìdánwò NNAAP, ìyẹn ìdánwò tí ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ fi ń yẹ CNA wò, iṣẹ́ márùn-ún ni wọ́n ń ní kí èèyàn ṣe, ọwọ́ fífọ̀ sì máa ń wà nínú rẹ̀ ní gbogbo ìgbà, torí náà gbogbo wọn ló ń mọ̀ ọ́n dé ọjọ́ ìdánwò. Ohun tí wọn kò mọ̀ ni pé jẹ́ẹ̀lì tí wọ́n ń fi pa ọwọ́ kì í pa kòkòrò àrùn ìgbẹ́ gbuuru tí wọ́n ń pè ní C. diff, ọṣẹ àti omi ló ń ṣàn án lọ. Ohun mìíràn tí wọn kò mọ̀ ni pé iwájú la ti ń nu obìnrin lọ sí ẹ̀yìn, kì í ṣe láti ẹ̀yìn bọ̀ síwájú. Àrùn ilé ìtọ̀ tí à ń fún ìyá lóògùn rẹ̀, ọwọ́ ẹni tó nù ún ló ti lè kó o.

6. Ojú tó rí, ẹnu tó sọ. Nínú gbogbo àwa tí a wà nínú ilé náà, CNA ló ń rí arúgbó jù. Dókítà lè má dé fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, èmi nọ́ọ̀sì ń pín oògùn fún ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n CNA ló rí i pé ìyá tó máa ń kí i láràárọ̀ kò mọ orúkọ rẹ̀ mọ́ lónìí. Kì í ṣe arán ló dé lójijì. Bí arúgbó bá yí padà láàárín ọjọ́ kan sí méjì, àrùn lè wà nínú ìtọ̀ tàbí nínú àyà, tàbí kó jẹ́ pé kò mu omi tó, tàbí pé oògùn tuntun ló ń dà á láàmú. Bí bàtà bàbá kò bá gbà á mọ́, tó sì wúwo ju ti àná lọ lórí ìwọ̀n, ó lè jẹ́ ọkàn rẹ̀ ni kò gbé e mọ́. Bí ẹnu bá wọ́, tí apá kan rọ, tí ọ̀rọ̀ rẹ̀ ń lọ́, a kì í dúró de òpin ṣíìfù. À ń sáré.

Àwọn ọmọ tó ti ọ̀dọ̀ àwọn kan nínú yín wá, wọ́n ti kọ́ wọn pé kí wọ́n máa kọ ohun tí àwọn tó ṣáájú wọn kọ. Mo rí ìwé tí wọ́n ti fi mímí sí 18 fún gbogbo èèyàn tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, láti àárọ̀ di alẹ́. Ìṣẹ́jú kan gbáko la fi ń ka mímí, a kì í sì í sọ fún ẹni náà pé à ń kà á, kó má baà yí mímí rẹ̀ padà. Bí o kò bá kà á, má kọ ọ́. Bí arúgbó bá mu idá mẹ́ta nínú mẹ́rin kọ́ọ̀bù tó gba 240 mL, 180 ni kí o kọ. Nọ́ńbà tí CNA bá kọ la fi ń pinnu oògùn. Irọ́ tí a kọ síbẹ̀ kì í dùbúlẹ̀ sórí ìwé, inú ara ẹnì kan ló ń lọ.

7. Ibi tí iṣẹ́ CNA pin sí. Àwọn kan nínú àwọn ọmọ wa ti ṣe ògísílárì nọ́ọ̀sì ní Nàìjíríà kí wọ́n tó dé. Níbẹ̀, wọ́n gún abẹ́rẹ́, wọ́n fa omi sí aláìsàn lára. Mo bọ̀wọ̀ fún ohun tí wọ́n mọ̀. Ṣùgbọ́n níbí, CNA kì í fún ni ní oògùn àfi bí ó bá ti gba ẹ̀kọ́ àti ìwé-ẹ̀rí tó yàtọ̀ fún un. Kì í ti rọ́bà ìtọ̀ bọ àpò ìtọ̀, kì í gba àṣẹ dókítà lórí fóònù, kì í sọ fún ẹbí ohun tí àyẹ̀wò fi hàn. Bí nọ́ọ̀sì bá ní kó ṣe ohun tó kọjá àlà rẹ̀, ó ní láti lè sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, wọn ò fún mi láṣẹ láti ṣe èyí." Ọmọ Yorùbá kì í rọrùn fún láti sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹni tó jù ú lọ. Ẹ jẹ́ kí wọ́n fi ẹnu wọn sọ ọ́ nínú kíláàsì, kó ti mọ́ wọn lẹ́nu kí ọjọ́ rẹ̀ tó dé.

8. Ọ̀wọ̀. A máa ń fi gbogbo ẹnu sọ pé àwa ọmọ Yorùbá mọ bí a ṣe ń tọ́jú àgbà, pé bí òkété bá dàgbà, ọmú ọmọ rẹ̀ ní í mu. Lóòótọ́ ni. Ṣùgbọ́n àwọn tí à ń tọ́jú níbí, kì í ṣe àwa ni wọ́n bí, àṣà tí wọ́n sì fi dàgbà kì í ṣe tiwa. Nílé wa, bí ìyá bá fẹ́ dìde, a ó ní, "Ẹ jókòó mà, a ó bá yín ṣe é." Oore la fi pè é. Nínú nọ́ọ̀sìn hóòmù, oore yẹn ń gba agbára kúrò lára èèyàn. Ìyá tó lè fọ ojú ara rẹ̀, aṣọ ìnujú la ń fún un, a ó dúró, kódà bí yóò bá gba ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Bàbá tó lè rìn dé ilé ìgbọ̀nsẹ̀, à ń bá a rìn dé ibẹ̀. Bí a bá bá a ṣe gbogbo rẹ̀ fún oṣù kan, ó lè má lè ṣe é mọ́. Ìlànà tó tẹ̀lé òfin 1987 yẹn fi í sínú ohun tó jẹ́ dandan kí a kọ́ ṣáájú ohun gbogbo, ó sì nídìí.

Ẹ kọ́ wọn láti kan ilẹ̀kùn kí wọ́n tó wọlé, láti fa aṣọ ìbòjú kí wọ́n tó ṣí ẹnikẹ́ni níhòòhò, láti bi arúgbó pé orúkọ wo ló fẹ́ kí wọ́n máa pè é. Àwọn kan fẹ́ràn kí a pè wọ́n ní Màmá. Àwọn mìíràn jẹ́ tíṣà fún gbogbo ayé wọn, orúkọ bàbá wọn ni wọ́n fẹ́ gbọ́. Ẹ sì jọ̀wọ́, kí ọmọ Yorùbá méjì dúró sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì méjèèjì, kí wọ́n máa fi Yorùbá tàkúrọ̀sọ lórí èèyàn tí wọ́n ń pa páḿpásì rẹ̀ dà, ìwà àbùkù ni. Obìnrin tó wà níhòòhò láàárín wọn kò mọ̀ bóyá òun ni wọ́n ń fi rẹ́rìn-ín.

Lórí àwọn tó ń ṣarán: mo ti gbọ́ tí àwọn ọmọ wa ń sọ láàárín ara wọn pé ẹ̀mí burúkú ló wà lára ìyá kan torí ó ń bá ọkọ rẹ̀ tó ti kú sọ̀rọ̀ lóru, torí ó bú wọn, torí ó gbá wọn létí. Àrùn ọpọlọ ni. Kò sí bí a ṣe lè bá a jiyàn ká borí. Bó bá ń béèrè ọkọ rẹ̀, ẹ ní kó sọ irú èèyàn tí ọkọ rẹ̀ jẹ́ fún yín. Bó bá ń gbáni, ẹ wò ó bóyá ìtọ̀ ló ń gbọ̀n ọ́n, bóyá nǹkan ń dùn ún, bóyá ẹ̀yìn rẹ̀ lẹ gbà yọ sí i. Òfin ti fi ìtọ́jú àwọn tó ń ṣarán sínú 12 wákàtí ẹ̀kọ́ tí CNA gbọ́dọ̀ máa gbà lọ́dọọdún. Ẹ má dúró de ọdún kejì kí ẹ tó kọ́ wọn.

Bí ẹnikẹ́ni bá sì fìyà jẹ arúgbó, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ wọn, ìbáà jẹ́ ọmọ ìlú wọn, ojú ẹsẹ̀ ni CNA gbọ́dọ̀ sọ. Àwọn aláṣẹ ilé náà ní wákàtí méjì péré láti fi tó ìjọba létí. A kì í fi ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ pa mọ́ nítorí ọmọ ilé ni wá.

9. Owó. Bóyá èyí ló máa bí àwọn kan nínú yín nínú jù. Òfin ìjọba àpapọ̀ ní bí nọ́ọ̀sìn hóòmù bá ti gba èèyàn síṣẹ́, tàbí tó ti ṣèlérí iṣẹ́ fún un, wọn kò gbọdọ̀ gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ fún ẹ̀kọ́ CNA àti ìdánwò rẹ̀, títí kan ìwé kíkà. Bí èèyàn bá sì ti fi owó ara rẹ̀ kọ́ ọ, tí nọ́ọ̀sìn hóòmù wá gbà á láàárín oṣù méjìlá lẹ́yìn tó parí ẹ̀kọ́ náà, ìpínlẹ̀ gbọ́dọ̀ ṣètò láti dá owó náà padà fún un díẹ̀díẹ̀ bó bá ṣe ń ṣiṣẹ́. Àwọn mélòó nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yín ló mọ̀? Àwọn tí mo bá sọ̀rọ̀, ẹnu yà wọ́n. Wọ́n ti san owó tán, wọ́n ti sọ rìsíìtì nù, oṣù méjìlá ti kọjá.

10. Ẹ̀yin ẹ́jẹ́ńsì. Ẹ ń rán ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ìwé-ẹ̀rí lọ síṣẹ́ òru nínú ilé tí kò dé rí. Kò mọ ibi tí ẹ̀rọ tí a fi ń gbé èèyàn wà, kò mọ ẹni tí oúnjẹ há lọ́fun lánàá, kò mọ bàbá tó máa ń fẹ́ sá jáde. Ẹ sì ń rán ẹni tó ti ṣe ṣíìfù méjì tẹ̀léra wá sí ẹ̀kẹta. Mo ti bá irú wọn tí wọ́n sùn lórí àga, tí aago ìpè ń dún. Mi ò bá wọn wí tó bí mo ṣe ń bá yín wí.

Ohun tí mo ń béèrè nìyí. Kí gbogbo akẹ́kọ̀ọ́ ṣe gbogbo wákàtí tí Maryland béèrè, kí iṣẹ́ àfọwọ́ṣe sì jẹ́ nínú nọ́ọ̀sìn hóòmù gidi, lára èèyàn gidi, kí orúkọ ilé náà àti ti nọ́ọ̀sì tó dúró tì wọ́n wà nínú ìwé tí akẹ́kọ̀ọ́ yóò mú lọ sílé. Kí ẹ yọ ìpolówó ọ̀sẹ̀ méjì kúrò níbi gbogbo. Kí ẹ kọ ọ̀rọ̀ ìdápadà owó yẹn sórí fọ́ọ̀mù ìforúkọsílẹ̀ yín, ní Yorùbá àti ní Gẹ̀ẹ́sì. Ẹ kọ́ wọn láti fi ọwọ́ wo awọ dúdú. Bí ẹ kò bá ní ẹni tó lè kọ́ wọn, èmi àti àwọn nọ́ọ̀sì mélòó kan tí a jọ ń ṣiṣẹ́ ti ṣe tán láti wá ní ọjọ́ Sátidé láìgba owó. Ẹ lo Yorùbá láti ṣàlàyé ohun tó bá ta kókó, ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí wọ́n fi Gẹ̀ẹ́sì sọ ìròyìn fún nọ́ọ̀sì títí yóò fi yọ̀ mọ́ wọn lẹ́nu. Kí ẹ̀yin ẹ́jẹ́ńsì sì jẹ́ kí ẹni tuntun tẹ̀lé ẹni tó mọ ilé náà kó tó dá dúró.

Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí tí ẹ fẹ́ forúkọ sílẹ̀, ẹ kọ́kọ́ béèrè ìbéèrè kan lọ́wọ́ ilé-ẹ̀kọ́ kí ẹ tó sanwó: nọ́ọ̀sìn hóòmù wo la ó ti ṣe iṣẹ́ àfọwọ́ṣe? Bí wọ́n bá ń yí ọ̀rọ̀ po, ẹ dìde. Ẹ lè bi Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì Maryland bóyá wọ́n fọwọ́ sí ilé-ẹ̀kọ́ náà. Ẹ tún béèrè bóyá ìwé-ẹ̀rí náà yóò jẹ́ kí ẹ lè ṣiṣẹ́ nínú nọ́ọ̀sìn hóòmù ní Maryland, torí kì í ṣe gbogbo ìwé-ẹ̀rí CNA ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀.

Ẹ̀yin ọ̀gá, mo ti pa orúkọ yín mọ́ nínú lẹ́tà yìí. Bí kíláàsì tó ń bọ̀ bá tún jáde láti yàrá ìsàlẹ̀ ilé pẹ̀lú fọ́tò ọmọláńgidi, Ìgbìmọ̀ Nọ́ọ̀sì ni mo máa kọ̀wé sí, orúkọ á sì wà nínú rẹ̀.

Èmi ni tiyín,
nọ́ọ̀sì òru kan ní Prince George's County